Mọ́sálásí Àtijọ́: Ṣé Kí A Wó O Ni, Tàbí Kí A Fi Sílẹ̀?

 

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ọ̀rọ̀ kan ló ṣẹlẹ̀ ní àdúgbò wa ní Ìkòsí tí a fẹ́ bá yín jíròrò lé lórí. Mọ́sálásí kékeré kan wà níbẹ̀, inú rẹ̀ ni púpọ̀ nínú wa ti kọ́ bí a ṣe ń ka Àlùkùránì. Nígbà tí àwọn bàbá wa kọ́ ọ, oko àti igbó ló pọ̀ jù ní apá ibẹ̀, ariwo ọjà Mile 12 kò sì tíì dé etí ẹnikẹ́ni. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ògiri rẹ̀ kí wọ́n tó fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ. Ògiri náà nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí inú ilé fi máa ń tutù, bí oòrùn ti wù kó mú tó níta. Lókè ẹnu ọ̀nà, ẹni tó kọ́ ọ fi ìka kọ nǹkan sára sìmẹ́ǹtì tútù ní lẹ́tà Lárúbáwá. Ọ̀dà tí a máa ń kùn bí Iléyá bá ti ń sún mọ́lé ti bo ìkọ̀wé náà mọ́lẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè kà á mọ́.

Ilé yìí kò gbà wá mọ́. Bí ó bá di ọjọ́ Jímọ̀, ìdajì nínú jàmáà ni yóò tẹ́ ẹní sí ojú títì, tí ọ̀kadà àti dánfó yóò máa fun fèrè lé wọn lórí. Bí òjò bá sì dé, inú omi ni wọn yóò forí kanlẹ̀ sí. Ìdí nìyí tí inú ọ̀pọ̀ ènìyàn fi dùn nígbà tí olówó kan nínú wa dìde lẹ́yìn ìrun, tó ní òun yóò wó o, òun yóò sì kọ́ alájà mẹ́ta síbẹ̀, onímábù, pẹ̀lú òpó ládàánì tí wọn yóò máa rí láti Ketu. Ohun kan ṣoṣo tó béèrè ni pé kí a fi orúkọ òun pe mọ́sálásí náà.

Bàbá àgbàlagbà kan dìde. Ọmọdé ni wọ́n nígbà tí wọ́n ń pọn omi fún àwọn tó mọ ògiri náà. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, àwọn tó kọ́ ọ ti kú. Ta ni ẹ bi léèrè kí ẹ tó wó o?" Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dọ̀bálẹ̀ kí ó tó fèsì, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Àwa tí a wà láyé là ń kírun nínú òjò." Ẹnikẹ́ni kò rí ọ̀rọ̀ sọ mọ́. Àwọn méjèèjì jàre, ohun tó sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà ṣòro nìyẹn.

Ìbéèrè wa rèé: ta ló ni ilé ìjọsìn? Ṣé àwọn tó kọ́ ọ ni, tàbí àwọn tó ń lò ó lónìí, tàbí àwọn tí a kò tíì bí? Àwọn kan á ní Ọlọ́hun ló ni ín. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ńṣe ni ìdáhùn yìí máa ń pa wá lẹ́nu mọ́, kì í yanjú ọ̀rọ̀. Ọlọ́hun ló ni ín, àwa la mú díígà lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ sí Erékùṣù Èkó, ní òpópónà Martins. Mohammed Shitta, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí ilẹ̀ Sàró, tó wá di oníṣòwò ńlá, ló fi owó ara rẹ̀ kọ́ mọ́sálásí tó wà níbẹ̀. João Baptista da Costa, ọ̀kan nínú àwọn Àgùdà tó ti Bùràsíìlì dé, ló ṣe olórí iṣẹ́ náà. Wọ́n ṣí i ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 1894. Gómìnà Carter wà níbẹ̀, Edward Blyden náà wà níbẹ̀, Abdullah Quilliam sì wá láti Liverpool pẹ̀lú iṣẹ́ tí Súlútáánì Abdul Hamid Kejì rán an láti Istanbul, pé kí wọ́n fi oyè Bey dá Shitta lọ́lá. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń pè é ní Shitta-Bey. Ní ọdún 1895, ọlọ́jọ́ dé, ó kú. Ọdún kan péré ló fi kírun nínú ilé tó kọ́. Ilé náà ti lé ní 130 ọdún báyìí, a sì ti kà á mọ́ àwọn ohun ìrántí orílẹ̀-èdè wa láti ọdún 2013.

Bí ẹ bá dúró síwájú rẹ̀, ẹ óò rí i pé ọwọ́ tó mọ ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Àgùdà ló mọ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni mọ́sálásí ńlá àtijọ́ tó wà ní Àjàṣẹ́ ní ilẹ̀ Bìní ti àwọn Faransé, èyí tí wọ́n kọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá. Àlejò tí kò bá mọ̀ lè yọ síbẹ̀ kó rò pé ṣọ́ọ̀ṣì Bahia ni. A mọ àwọn tí èyí ń bí nínú. Àwa kò rí ohun tó burú níbẹ̀. Ọmọ ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú kọjá òkun ló kọ́ iṣẹ́ mímọlé lọ́hùn-ún, tó gbé e padà wálé, tó sì fi kọ́ ilé fún àwọn tí ń kírun. Bí a bá wó irú ògiri bẹ́ẹ̀, ibo ni a óò tún ti ka ìtàn yìí?

Wọn kì í dá a sí nígbà gbogbo. Mọ́sálásí gbogbogbòò Èkó tí àwọn bàbá wa parí ní ọdún 1913 kò sí mọ́. Wọ́n wó o nítorí pé kò gba èrò mọ́, èyí tí a ń lò lónìí ni wọ́n sì ṣí ní ọdún 1988. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló ń kírun níbẹ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀, a kò sì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé kí wọ́n dá a padà sí bó ti rí tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé Àgùdà tí wọ́n ń pè ní Ilojo Bar, ní Tinúubú, wà nínú ìwé ìjọba bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè láti ọdún 1956, síbẹ̀ wọ́n wó o palẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016. Ìwé kò gbà á sílẹ̀. Kì í ṣe ilé ìjọsìn ní tirẹ̀, a mẹ́nu bà á kí ẹ lè mọ̀ pé òfin nìkan kò tó.

Ní ìgbèríko ilẹ̀ Faransé, ìdàkejì tiwa ni wọ́n ń bá jà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí abúlé tí kò ní ṣọ́ọ̀ṣì olókùúta, òmíràn ti tó 900 ọdún. Ní ọdún 1905 ni òfin ya ìjọba àti ẹ̀sìn nípa, láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ilé ìjọsìn tó ti wà ṣáájú òfin náà ti di ti ìjọba ìbílẹ̀, tí àwọn onígbàgbọ́ sì ń lò ó. Nítorí náà, abúlé tí kò ní ju igba ènìyàn lọ lè rí i pé òun ni kí òun san owó òrùlé ilé tó lè gba ẹgbẹ̀ta, tí àlùfáà kì í sì í yà síbẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan lọ. Ògiri wọn le, sáfù wọn ló ṣófo. Ní tiwa, sáfù kún dé ojú títì, ògiri ló ń la.

Wọ́n ti gbìyànjú àtiwó náà. Ṣọ́ọ̀ṣì Cluny, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní ọdún 1088, ló tóbi jù ní gbogbo ilẹ̀ àwọn Kírísítẹ́nì kí wọ́n tó kọ́ ti Pétérù Mímọ́ ní Róòmù. Lẹ́yìn tí àwọn ará Faransé dojú ìjọba wọn bolẹ̀ ní ọdún 1789, wọ́n ta ilé náà, àwọn tó rà á sì ń yọ òkúta rẹ̀ tà bí ẹni ń ta yanrìn. Díẹ̀ ló ṣẹ́ kù lónìí, àwọn èèyàn sì ń sanwó láti wá wo ibi tí ìyókù ti wà rí. Ní ọdún 2013, ní abúlé Gesté, wọ́n wó èyí tó pọ̀ jù nínú ṣọ́ọ̀ṣì wọn nítorí pé owó àtúnṣe ju agbára wọn lọ, lẹ́yìn ẹjọ́ tó fẹjú. Nígbà tí iná jó Notre-Dame ní Paris ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin ọdún 2019, àwọn tí kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì rárá dúró létí odò, wọ́n ń sunkún. Owó rọ́ wọlé, wọ́n tún un kọ́, wọ́n sì ṣí i ní oṣù Kejìlá ọdún 2024. Kí ni wọ́n ń sunkún sí? Kì í ṣe ìsìn, nítorí wọn kì í sìn níbẹ̀. A rò pé nítorí àwọn òkú wọn ni, tí wọ́n fi gbogbo ayé wọn to òkúta léra, tí púpọ̀ nínú wọn kò sì dúró rí òrùlé.

Bóyá ẹnì kan yóò bi wá pé kí ló kan Mùsùlùmí pẹ̀lú ṣọ́ọ̀ṣì Faransé. Kí onítọ̀hún ṣí Súrà Al-Hajj, áyà 40, kó wo ibi tí Ọlọ́hun ti dárúkọ ilé àwọn tó yara wọn sọ́tọ̀ fún ìsìn, àti ṣọ́ọ̀ṣì, àti ilé ìjọsìn àwọn Júù, mọ́ mọ́sálásí lẹ́ẹ̀kan náà, nígbà tí Ó ń sọ nípa wíwó wọn.

Ní ti Súnà, ẹ̀rí wà fún ọ̀dọ́mọkùnrin wa. Igi ọ̀pẹ dábínù àti imọ̀ rẹ̀ ni Ànábì fi kọ́ mọ́sálásí Mẹ̀dínà. Nígbà tí èrò pọ̀, Umar fẹ̀ ẹ́, ó sì kìlọ̀ fún ẹni tó ń kọ́ ọ pé kó dáàbò bo àwọn ènìyàn lọ́wọ́ òjò, kó má ṣe kun àwọ̀ pupa àti àwọ̀ ìyeyè tí yóò máa mú ọkàn wọn kúrò lára ìrun. Uthman ní tirẹ̀ tú u, ó fi òkúta kọ́ ọ. Àwọn kan kùn, òun náà sì dá wọn lóhùn. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti pé ogiri tí ọwọ́ Ànábì kàn kò ṣeé yí padà, Uthman kì bá tí ṣe é.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rí wà fún Bàbá náà. Ànábì sọ fún Áíṣà pé ó wu òun láti tú Káábà, kí òun sì tún un kọ́ sórí ìpìlẹ̀ Ànábì Ibrahim gan-an, àmọ́ pé àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú àìmọ̀kan, ọkàn wọn lè má gbà á. Ó fi í sílẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa: ohun tó tọ́ ni ó fẹ́ ṣe, agbára rẹ̀ sì ká a, síbẹ̀ ó wo ojú àwọn tí ọkàn wọn yóò gbọgbẹ́. Òjò tó ń pa alààyè jẹ́ ìdí láti wólé. Ọkàn àgbàlagbà tó ń bàjẹ́ náà jẹ́ ìdí láti dúró. Màbù ńkọ́? Òpó tí wọn yóò máa rí láti Ketu ńkọ́? A kò rí wọn nínú àwọn ìtàn wọ̀nyí. Mẹ́kà fúnra rẹ̀ kò bọ́ nínú irú ìfẹ́ gíga bẹ́ẹ̀: ní ọdún 2002 ni wọ́n wó odi Ajyad tí àwọn Tọ́ọ̀kì kọ́, tí wọ́n sì kọ́ àwọn ilé gogoro òtẹ́ẹ̀lì síbẹ̀, tí wọ́n ń wo Káábà láti òkè.

Ọ̀nà kẹta wà, àwọn ará Djenné ní Málì ló ń tọ̀ ọ́. Amọ̀ ni mọ́sálásí ńlá wọn, ọdún 1907 ni wọ́n tún un kọ́ bó ti rí báyìí. Òjò ń fọ ara rẹ̀ lọ́dọọdún, nítorí náà, lọ́dọọdún ni gbogbo ìlú ń jáde láti rẹ́ ẹ: àwọn obìnrin ń pọn omi, àwọn ọ̀dọ́ ń gun igi tó yọ lára ògiri, wọ́n ń bá ara wọn díje. Ilé náà gbó, síbẹ̀ ọwọ́ àwọn tó wà láyé wà lára rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Ọ̀dọ́ ibẹ̀ kò lè sọ pé ti àwọn baba òun ni, kì í ṣe ti òun.

Ẹnjiníà kan nínú jàmáà wa ti yẹ ògiri wo. Ó ní yóò dúró bí a bá tọ́jú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè gbé alájà. Ilẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀ tí a lè kọ́ ilé tuntun sí, kí èyí àtijọ́ di iwájú rẹ̀, kí àwọn ọmọ sì máa kéwú níbẹ̀. Èrò tiwa nìyí, a sì sọ ọ́ ní ìpàdé. A tún béèrè pé bí a kò bá kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sára ògiri, ṣé owó náà yóò ṣì jáde? Olówó wa ní òun yóò rò ó. Ká má purọ́, ìdáhùn náà dùn wá, àfi ìgbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn yíjú sí àwa tí a ń sọ pé kí wọ́n má wó o. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá àti ẹ̀gbọ́n wa, ẹ̀yin mélòó lẹ wá kí Àsùbá lónìí?" A wo ara wa. A kò pé sáfù kan.

Ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, òun ló gbé àkàbà wá. Bàbá náà jókòó sórí bẹ́ǹṣì nísàlẹ̀, wọ́n ń júwe ibi tí wọ́n rántí pé ìkọ̀wé náà wà. A fi ọ̀bẹ kékeré ha ọ̀dà kúrò díẹ̀díẹ̀: ewé, funfun, ewé, búlúù, funfun. Nígbà tí wọ́n máa pe ìrun Mọ̀ńgàríbà, Bísímílláhì ti hàn kedere, àti apá lẹ́tà kan lẹ́yìn rẹ̀. Ilẹ̀ ṣú kí a tó dé ìyókù. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ la ó tún padà síbẹ̀.