Mítà Kò Mọ Ọ̀nà

Ẹni tó bá bọ́ táyà tí jíìpù rẹ̀ bá dé, tó sì fi èyí tó tóbi jù ú lọ sí i, kì í pẹ́ kó tó máa ráhùn pé ọkọ̀ òun ti di ajẹpo. Ó ti ṣe ìṣirò rẹ̀: ó rọ epo kún táǹkì, ó wo iye kìlómítà tí mítà kà kí epo náà tó tán, ó fi ọ̀kan pín èkejì. Mẹkáníìkì kan á ní táyà ló wúwo. Òmíràn á ní jíà ni kò bá táyà mu mọ́. Fọkanáísà á ní afẹ́fẹ́ ni kò tó. Ó ṣeé ṣe kí gbogbo wọn rí òótọ́ sọ. Àmọ́ ìbéèrè kan wà tó yẹ kó ṣáájú tiwọn: báwo ni onímọ́tò yìí ṣe mọ̀ pé epo tí ọkọ̀ ń jẹ ti pọ̀ sí i? Mo mọ̀ọ́mọ̀ lo “mọ̀” níbẹ̀. Ní ọdún 1986, J. Olubi Sodipo, onímọ̀ ọgbọ́n-orí tó kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀, àti Barry Hallen, ará Amẹ́ríkà tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, gbé ìwé kan jáde tó yẹ “mọ̀” àti “gbàgbọ́” wò fínnífínní, lẹ́yìn ìfọ̀rọ̀wérọ̀ pẹ̀lú àwọn onísègùn Yorùbá. Ohun tí wọ́n rí kì í ṣe tuntun létí ẹni tó ń sọ èdè yìí, ṣùgbọ́n wọ́n là á sílẹ̀ dáadáa: ohun tí èèyàn fi ojú ara rẹ̀ rí, tí ọkàn rẹ̀ sì jẹ́rìí sí, ló mọ̀, ohun tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, tó sì gbà, ìgbàgbọ́ ni. Ọ̀rọ̀ náà ti tú ara rẹ̀: gbà, gbọ́. Ìròyìn kò tó àfojúbà. Bí a bá fi èyí wo dáṣíbọ́ọ̀dù, nǹkan tí awakọ̀ mọ̀ níbẹ̀ kò pọ̀. Ìròyìn ni mítà ń mú wá, kò sì sí ẹni tó ń bi í pé ta ló sọ fún un.

Táyà ló sọ fún un. Mítà kò rí ọ̀nà rí. Iye ìgbà tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ yí po ló ń kà, ẹni tó ṣe ọkọ̀ ló sì ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé ìyípo kan gùn tó báyìí. Ọgbọ́n náà ti pẹ́. Vitruvius, ayàwòrán-ilé ará Róòmù tó gbé ayé ní ọ̀rúndún kìíní ṣáájú ìbí Jésù, ṣàpèjúwe kẹ̀kẹ́ ẹrù kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ tó ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 4. Eyín kan ṣoṣo wà ní ìdí ẹsẹ̀ náà. Ní gbogbo ìgbà tó bá yí po, á ti ọ̀kan síwájú nínú eyín 400 tó wà lára àgbá mìíràn. Bí 400 bá pé, òkúta wẹ́wẹ́ kan á já bọ́ sínú àwo idẹ, á dún, ẹni tó jókòó sókè á sì gbà pé máìlì kan ti pé. Bí ẹnìkan bá lọ fi ẹsẹ̀ tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ sí kẹ̀kẹ́ yẹn, òkúta á ṣì máa já bọ́, àwo á ṣì máa dún, ṣùgbọ́n ohun tó ń kéde rẹ̀ kì í ṣe máìlì mọ́.

Ká mú Toyota Prado. Táyà 265/65R17 ló wà lẹ́sẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Nọ́ńbà yẹn ń sọ pé táyà fẹ̀ ní mìlímítà 265, pé gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 65 nínú 100 fífẹ̀ yẹn, pé ínṣì 17 sì ni rímù. Bí a bá ṣírò rẹ̀, ìdúró táyà náà látilẹ̀ dé òkè jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 776, ìyípo rẹ̀ kan sì ń gbé ọkọ̀ lọ tó sẹ̀ǹtímítà 244. Táyà 285/70R17 ga tó mìlímítà 831, ìyípo tirẹ̀ sì tó sẹ̀ǹtímítà 261. Ìdá 7 nínú 100 ló fi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọ̀rọ̀ kóńgò ni. Bí ìyá onígààrí bá fi kóńgò ńlá wọn àpò tó ti fi kékeré wọn lánàá, iye kóńgò á dín, gààrí inú àpò kò dín. Bẹ́ẹ̀ náà ni mítà tó ka 100 lórí táyà ńlá: ọkọ̀ ti rin 107. Ká ní Prado kan ń jẹ lítà 10.8 ní kìlómítà 100 tẹ́lẹ̀, tí ìṣirò wá gbé 12 jáde lẹ́yìn táyà tuntun. Olówó ọkọ̀ rí àlékún lítà 1.2, inú bí i. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ìrìn gidi pín epo náà, 11.2 ni. Àlékún tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ kò ju 0.4 lọ. Ìdá méjì nínú mẹ́ta ìbínú rẹ̀, kóńgò ló ni ín.

N kò sọ pé táyà ńlá kì í jẹ epo o. 0.4 yẹn kì í ṣe àlá: táyà náà wúwo, eyín rẹ̀ gbópọn, ó sì tún gbé ọkọ̀ ga sí atẹ́gùn. Jíà wá dá kún un. Nínú dífù ọkọ̀ mìíràn, píníọ̀n, ìyẹn jíà kékeré eléyín 10, ló ń ti kíráùn, jíà ńlá eléyín 41, tí ọ̀pá tó ń yí píníọ̀n á fi yí nígbà 4.10 kí ẹsẹ̀ tó yí lẹ́ẹ̀kan. Ẹnikẹ́ni kò kan eyín wọ̀nyí, síbẹ̀ bí táyà bá fi ìdá 7 tóbi sí i, ọkọ̀ á máa ṣe bí ẹni pé 3.83 ló wà níbẹ̀. Lójú ọ̀nà tó tẹ́, tí ọkọ̀ ń sáré kan náà lọ, ẹ́ńjìnì á rọra máa yí, epo sì lè dín. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, tí à ń dúró tí à ń gbéra, ìwúwo tó wà ní etí ẹsẹ̀ ọkọ̀ á gba tirẹ̀, bí a bá sì dé orí òkè, jíà ọ̀tọmátíìkì á máa padà sẹ́yìn ṣáá. Bóyá epo dín tàbí ó pọ̀, ọ̀nà ló máa sọ, ọ̀nà yẹn gan-an sì ni mítà kò mọ̀.

Ẹnìkan á ní owó tí òun ń san nílé epo kì í ṣe ìgbàgbọ́. Àtakò gidi nìyí, mo sì gbà ju ìlàjì rẹ̀ lọ. Fáǹpù ilé epo kò bá táyà jẹun nínú àwo kan; lítà tó bá kà kò sí lọ́wọ́ bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ṣe tóbi tó. Màrosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn jẹ́ kìlómítà 127.6, kò sì gùn sí i nítorí pé ẹnìkan pààrọ̀ táyà. Ẹni tó bá fi iye lítà tí ọ̀nà yẹn gbà tẹ́lẹ̀ wé iye tó ń gbà báyìí, pẹ̀lú ẹrù kan náà àti gósìlóò tó jọra, ti yọ mítà kúrò nínú ẹjọ́. Ó ti ń sún mọ́ ìmọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ráhùn “lítà báyìí ní kìlómítà 100” ti fi ẹ̀rí fáǹpù lú ẹ̀rí táyà, ó sì ń pe àdàlù náà ní ẹ̀rí owó.

Àtakò kejì le jù bẹ́ẹ̀ lọ: tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, fáǹpù náà ìgbàgbọ́ ni, sátẹ́láìtì tí fóònù fi ń wọn ọ̀nà náà ìgbàgbọ́ ni, ta ló wá mọ nǹkan kan? Mi ò rò pé ó yẹ ká já a dé ibẹ̀. A lè dán ìgbàgbọ́ wò, ìyẹn ló sì ń sọ ọ́ di ìmọ̀. Ohun tí ìdánwò náà ń béèrè ni ẹlẹ́rìí tí ọwọ́ rẹ̀ kò sí nínú ọ̀ràn. Bí sátẹ́láìtì, òkúta ẹ̀bá ọ̀nà àti fáǹpù bá sọ ohun kan náà láìgbọ́ tẹnu ara wọn, ọkàn lè balẹ̀. Mítà kò lè ṣe ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀ lórí ọ̀ràn táyà, nítorí ẹnu táyà ló fi ń sọ̀rọ̀. Síbẹ̀ n kò ní pè é ní òpùrọ́. Ẹni tó mọ òótọ́ tó sì fi í pamọ́ ló ń purọ́. Mítà ka gbogbo ìyípo pé, kò jí ọ̀kan. Àwa la sọ ìyípo ní kìlómítà.

Ẹni tí kò pààrọ̀ táyà rí náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí eyín táyà tuntun bá jìn tó mìlímítà 8, tó wá jẹ títí ó fi ku 1.6, ìdúró táyà náà á ti fi nǹkan bíi mìlímítà 13 dín. Kóńgò ti kéré, iye tí mítà ń kà á máa lé sí i. Ọkọ̀ á wá dà bíi pé ó ń ṣọ́ epo jẹ sí i bí táyà ṣe ń pá lórí, kò sì sẹ́ni tó máa ń bá mítà jà nígbà yẹn.