Àníyàn Kì í Ro Oko

Ibi kíkà: Matteu 6:25-34, Gẹnẹsisi 41:33-36



Ẹ̀kọ́ t'a fẹ́ yẹ̀wò l'óní, kò sí ilé tí kò kàn. A fẹ́ bi ara wa pé: àníyàn tí a ń ṣe l'ọ́sàn-án àti l'óru yìí, èrè wo l'ó ń mú wá? Àwọn kan a máa wí pé ẹni tí kò bá ṣe àníyàn, kò mọ ohun tí ń bọ̀. Àwọn mìíràn a sì wí pé ẹni t'ó bá ń ṣe àníyàn, kò ní ìgbàgbọ́. Àwa kò fara mọ́ ọ̀kankan nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí a ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. Ìmúra wà, àníyàn náà sì wà. Àwọn baba wa wí pé, igi gánganran má gùn mí l'ójú, òkèèrè l'a ti ń wò ó. Ẹni t'ó rí igi l'ókèèrè t'ó sì yà fún un, ó múra nìyẹn. Ẹni t'ó rí igi, t'ó dúró s'ójú kan, t'ó ń sunkún pé ojú òun ti fọ́, àníyàn l'ó ń ṣe. Igi kan náà ni àwọn méjèèjì rí o!

Ẹ wo Josẹfu ní ilẹ̀ Egipti. Ó mọ̀ pé ọdún méje ìyàn ń bọ̀. B'ó bá ṣe bí ọ̀pọ̀ nínú wa ni, ọdún méje ọ̀pọ̀ ni ìbá fi káwọ́ l'érí. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn t'ó fún Farao ni pé kí wọn yan àwọn alábòójútó, kí wọn gba ìdá kan nínú márùn-ún ohun oko, kí wọn sì kó ọkà pamọ́ sí àwọn ìlú. Ó sọ ọ̀rọ̀ ìyàn di ọ̀rọ̀ àká.

Olúwa wa pẹ̀lú fi ẹyẹ ojú ọ̀run kọ́ wa. Àwọn kan gbà á sí pé kí a káwọ́ gbera. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ẹyẹ dáadáa: bí ilẹ̀ bá mọ́, ó ti fò jáde lọ wá oúnjẹ, bí alẹ́ bá lẹ́, ó sùn. Iṣẹ́ rẹ̀ kò dí oorun rẹ̀ l'ọ́wọ́.

N'ílé wa níhìn-ín ńkọ́? Nígbà tí ọyẹ́ bá dé tí koríko sì gbẹ, gbogbo ẹni t'ó ní oko kajú ni ń bẹ̀rù iná igbó. Ẹnì kan dùbúlẹ̀, kò sùn. K'ílẹ̀ tó mọ́, iná ti jó oko rẹ̀ nígbà ogún nínú ọkàn rẹ̀. Ẹnì kejì mú àdá àti ọkọ́, ó ro ẹ̀gbẹ́ oko rẹ̀ yíká kí iná má baà rí koríko gbà kọjá, ó sì lọ bá àwọn t'ó bá a pààlà sọ̀rọ̀. Ẹ̀rù kan náà ni; ti ọ̀kan di iṣẹ́, ti ọ̀kan di àìsùn.

Ẹ tún rántí ohun t'ó ti kọjá. Ní oṣù kìíní ọdún 1994, wọ́n gé agbára owó sẹ́fà sí ìdajì: fráńkì Faransé kan t'ó jẹ́ 50 sẹ́fà di 100. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, Nàìjíríà ti ibodè rẹ̀ mọ́ ọjà, ó sì di oṣù kejìlá ọdún 2020 kí wọn tó bẹ̀rẹ̀ sí ṣí i. Ta ni nínú wa tí àníyàn rẹ̀ dá ọ̀kan nínú wọn dúró? Kò sí. Ṣùgbọ́n iṣu tí a kò rí tà, pàápàá kokoro, a lè bọ̀ ọ́ kí a sì sá a kí ó di gbodo, kí ó dúró de ọjà t'ó dára. Ibi tí agbára wa mọ kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ó dé ibì kan.

Ní tòótọ́, àníyàn a máa ba nǹkan jẹ́. Èkíní, ó ń jẹ agbára ara. Ẹni tí kò sùn, báwo ni yóò ṣe kọ ebè l'ọ́la?

Èkejì, ó ń dá wa dúró. Ìyá lè jókòó ti ọmọ tí ibà ń ṣe fún òru mẹ́ta, kí ó máa ro ikú. Ibà kì í dúró de ẹni tí ń ronú. Ẹ gbàdúrà, kí ẹ sì gbé ọmọ lọ s'ílé ìwòsàn l'ọ́jọ́ kìíní. Ẹ ta àwọ̀n ẹ̀fọn sí ibùsùn rẹ̀. Àdúrà kò bá abẹ́rẹ́ dókítà jà.

Ẹ̀kẹta, àníyàn tí kò rí iṣẹ́ ṣe a máa wá ẹni tí yóò dá l'ẹ́bi. Òjò pẹ́, wọ́n ní ìyá arúgbó ẹ̀yìnkùlé ni. Ọjà kò tà, wọ́n ní orogún ni. Ẹ̀yin aríran wa, a bẹ̀ yín l'órúkọ Jesu: ìran t'ó kàn ń dẹ́rù ba ènìyàn, tí kò fi ọ̀nà kankan hàn án, ẹ kọ́kọ́ gbé e s'ínú àdúrà kí ẹ tó sọ ọ́ jáde. Ẹni t'ó gbé ẹrù kan wọ ilé Ọlọ́run, kò yẹ kí ó gbé méjì jáde.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ọwọ́ kò tó. Ọmọ lọ ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà, ọdún kan kọjá, a kò gbúròó rẹ̀. Ẹ má ṣe sọ fún ìyá rẹ̀ pé kò ní ìgbàgbọ́ o! Àníyàn rẹ̀, ìfẹ́ ni tí kò rí ọ̀nà gbà. Ẹ bá a wá ẹni tí yóò béèrè l'ọ́hùn-ún, ẹ bá a ránṣẹ́ s'áwọn awakọ̀, ẹ bá a jókòó, ẹ bá a jẹun, gẹ́gẹ́ bí Galatia 6:2 ti kọ́ wa pé kí a máa ran ara wa l'ẹ́rù. Èyí t'ó bá kù, Olúwa nìkan l'a lè gbé e lé l'ọ́wọ́.

Nítorí náà ará, bí àníyàn bá kan ilẹ̀kùn l'óru, ẹ bi í pé: "Iṣẹ́ wo l'o mú wá?" Bí ó bá mú iṣẹ́ wá, ẹ fi iṣẹ́ náà s'ọ́kàn, kí ẹ ṣe é bí ilẹ̀ bá mọ́. Bí kò bá mú nǹkan wá, ẹ kúnlẹ̀, ẹ fi í lé Olúwa l'ọ́wọ́, kí ẹ sì sùn.

Àdúrà: Olúwa, fi iṣẹ́ tí ọwọ́ wa ká hàn wá, kí o sì gba èyí tí kò ká l'ọ́wọ́ wa. Fún àwọn tí kò r'óorun sùn l'óru òní ní ìsinmi, kí o sì rán ènìyàn sí wọn. L'órúkọ Jesu Kristi Olúwa wa. Àmín.