Ta Ló Yẹ Kó Kọ́kọ́ Tọ́ Oògùn Wò?

Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé yìí, bí àgbà kan bá sọ fún yín pé egbò igi báyìí ló wo orúnkún òun sàn, ṣé ẹ máa ní kó mú ẹ̀rí wá? Ọ̀pọ̀ nínú wa kò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Ó jọ àfojúdi. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ ká jọ rò ó wò, nítorí ọ̀rọ̀ ìtàkùn kan tó ń hù ní ilẹ̀ Ṣáínà.

Lei gong teng ni àwọn ará Ṣáínà ń pè é, ìyẹn ni ìtàkùn òrìṣà tó ń sán àrá. Ká ní ọ̀dọ̀ wa ló ti ń hù ni, ìtàkùn Ṣàngó là bá máa pè é. Egbò rẹ̀ ni wọ́n fi ń wo àrùn oríkèé ara, èyí tó máa ń mú kí ọwọ́ àti orúnkún wú, kó gbóná, kó sì máa ro èèyàn débi pé kò ní lè di ọkọ́ mú. Àwọn àgbà ibẹ̀ mọ̀ pé nǹkan náà lóró. Ewé rẹ̀ àti òdòdó rẹ̀ lè pa èèyàn, àwọn àgbẹ̀ sì ti ń fi ìtàkùn yìí pa kòkòrò lóko. Nítorí náà wọ́n á bó èèpo egbò náà dànù, inú rẹ̀ ni wọ́n á lò. A kò lè pe irú àwọn àgbà bẹ́ẹ̀ ní aláìmọ̀kan.

Kí ló wá kù tí a fẹ́ dán wò?

Ẹ wo bí àrùn oríkèé ṣe ń ṣe. Lónìí ó le, lóṣù tó ń bọ̀ ó lè rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tó mu àgbo lọ́jọ́ tó le, tí ara sì tù ú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àgbo ni yóò máa yìn. Bóyá àgbo ni lóòótọ́. Bóyá àrùn ló sinmi. Òun fúnra rẹ̀ kò lè mọ̀, kò sì purọ́.

Ìdí nìyí tí àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà fi ṣe ìdánwò kan, tí wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2002. Aláìsàn 35 ló wọ̀ ọ́, fún ọ̀sẹ̀ 20. Àwọn kan gba oògùn egbò náà púpọ̀, àwọn kan gba díẹ̀, àwọn yòókù gba hóró tí kò ní oògùn kankan nínú. Aláìsàn kò mọ èyí tó kan òun, dókítà tó ń wò ó náà kò mọ̀. Nígbà tí wọ́n ṣírò èsì, nínú 10 tó gba púpọ̀, ara 8 ló fúyẹ́. Nínú 10 tó gba díẹ̀, 4. Nínú 12 tó gba hóró lásán, kò sí ẹyọ ẹnì kan.

Ọ̀rọ̀ àwọn 12 yẹn ń dà mí láàmú. Ṣé ó tọ́ kí ẹni tó ń jẹ̀rora máa gbé hóró lásán mì fún ohun tó lé ní oṣù mẹ́rin? Òfin irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ ni pé kí a sọ fún aláìsàn tẹ́lẹ̀ pé ó lè rí báyìí, kó sì gbà fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 20 náà, wọ́n tún ṣí apá kejì níbi tí kò ti sí ìbòjú mọ́: ẹni tó wọ̀ ọ́ mọ̀ pé oògùn gidi lòún ń lò. Síbẹ̀, ẹni tó bá ní kò tọ́, mi ò ní bá a jà.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹ̀gbẹ́ kejì. Láàárín 1980 sí 1990, àwọn dókítà Ṣáínà yẹ àwọn ọkùnrin tó ń lo egbò yìí wò. Wọ́n rí i pé irúgbìn inú àtọ̀ wọn ti dín kù, èyí tó kù kò sì lágbára láti rìn. Nǹkan oṣù àwọn obìnrin kan sì dúró. Báwo ni babaláwo abúlé ì bá ṣe mọ èyí? Ọkùnrin kan wá nítorí orúnkún. Orúnkún sàn. Ó dúpẹ́, ó gbé adìẹ wá, ó lọ. Ọdún méjì lẹ́yìn náà kò tíì sí igbe ọmọ nílé rẹ̀. Ta ló máa rántí orúnkún? Ìyàwó ni wọ́n á máa wò láwòkọ́. Òun tí kò tọ́ oògùn náà wò rí ló ń san gbèsè rẹ̀. Inú ìdánwò ni ọkọ rẹ̀ wà bíi tàwọn 12 yẹn, àmọ́ kò sẹ́ni tó sọ fún un, kò sì sẹ́ni tó ń kọ nǹkan sílẹ̀.

Egbò náà kì í ṣe ẹ̀tàn o. Ní 2014, àwọn dókítà Ṣáínà tẹ èsì ìdánwò mìíràn jáde, aláìsàn 207 ló wọ̀ ọ́, egbò náà kò sì kéré sí methotrexate, oògùn òyìnbó tí wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ fún alárùn oríkèé.

Nítorí náà, bí ìyá ẹni 70 ọdún tí kò lè na ẹsẹ̀ mọ́ bá bi mí léèrè nípa rẹ̀, mo lè ní kó lọ bá dókítà tí yóò máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kí wọ́n jọ sọ ọ́. Bó bá jẹ́ ọmọkùnrin ẹni 25 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó, màá ní kó fi í sílẹ̀. Ohun tí mo rí sọ fún un yìí, ara àwọn tó gbà kí a yẹ àwọn wò ni a ti rí i.