Kòkòrò Inú Agolo Tí Wọn Kò Tíì Ṣí

Ní ọdún 2001, wọ́n ń tọ́jú ọmọkùnrin jòjòló kan ní ilé ìwòsàn kan ní ìpínlẹ̀ Tennessee, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Oṣù rẹ̀ kò pé kí wọ́n tó bí i. Nígbà tó di ọmọ ọjọ́ 11, ara rẹ̀ gbóná, àyà rẹ̀ ń lù kìkìkì, ó sì jọ pé gìrì ti ń gbé e. Wọ́n fa omi láti ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀, àyẹ̀wò sì fi hàn pé yírùnyírùn tí kòkòrò kan fà ni. Wọ́n fa oògùn sí i lára, àmọ́ kòkòrò náà ti ba ọpọlọ jẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ 9, ọmọ náà kú.

Ibo ni kòkòrò náà ti wọ yàrá ìtọ́jú ọmọ jòjòló, tí ẹnikẹ́ni kì í wọ̀ láìfọwọ́? Àwọn olùwádìí yẹ ọmọ 49 wò níbẹ̀, wọ́n sì bá a lára àwọn mìíràn. Mílíìkì oníyẹ̀fun tí wọ́n ń fún àwọn ọmọ náà ni ọ̀rọ̀ ọ̀hún já sí. Wọ́n yẹ agolo tó ti ṣí wò, ó wà níbẹ̀. Wọ́n já agolo mìíràn tó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn, ó wà níbẹ̀ náà! Cronobacter ni wọ́n ń pe kòkòrò náà lónìí. Ní 2002, ilé iṣẹ́ tó ṣe mílíìkì náà kó o kúrò lọ́jà.

Ọjọ́ tí agolo máa bàjẹ́ nìkan ni ọ̀pọ̀ wa ń wò. Ìyẹ̀fun yẹn kò mọ́ tó bí a ṣe rò. Gbígbẹ kì í pa kòkòrò yìí, ńṣe ló ń sùn síbẹ̀. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ló ń jí i, kódà òun náà ni wọ́n kọ sára agolo míì pé ká fi pò ó, ìyẹn sì burú. Láti 2007 ni àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ti sọ pé omi tí a fi ń po mílíìkì kò gbọdọ̀ tutù ju ìwọ̀n 70 Celsius lọ. Ẹ jẹ́ kó hó, tó bá ti hó tán, ẹ má jẹ́ kó ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ kí ẹ tó fi po mílíìkì, ẹ wá fi omi tútù rọ ìgò náà lẹ́yìn kó má bàa jó ọmọ lẹ́nu. Mílíìkì pípò tó bá ti ju wákàtí 2 lọ, ẹ dà á nù. Ìyá tó bá lè fún ọmọ lọ́mú bọ́ nínú gbogbo wàhálà yìí.

Bí yírùnyírùn bá mú ọmọ tuntun, ọrùn rẹ̀ lè má gan rárá. Bó bá kọ oúnjẹ, tí ara rẹ̀ rọ jọ̀wọ̀lọ̀, tó gbóná tàbí tó tutù jù, tí àwùjẹ̀ rẹ̀ wú, ẹ má wá àgbo gìrì kiri. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kódà bó jẹ́ lóru.