Ìdè Ara Kì í Ṣe Ìdè Ọkàn

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ọkàn gbogbo wà ní ìkáwọ́ Rẹ̀. Ó yẹ kí Mùsùlùmí tí ń gbé ní Nkembo, ní Libreville, rántí pé ilẹ̀ Gabon ni ìjọba amúnisìn Faransé lé Sheikh Ahmadou Bamba lọ láti Senegal ní 1895. Wọ́n fura sí i pé yóò gbé ogun dìde, bẹ́ẹ̀ kò gbé idà. Ó lo ọdún 7 ní ìgbèkùn, ní Mayumba àti Lambaréné, kí ó tó padà sílé ní 1902.

Níbi tí wọ́n ti fẹ́ kí ó dákẹ́ ni ó ti ń fi èdè Lárúbáwá kọ ewì ìyìn fún Ànábì Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a. Báyìí ni Ànábì Yūsuf ṣe pe àwọn ẹlẹ́wọ̀n 2 sínú ìmọ̀ Ọlọ́hun Ọ̀kan ṣoṣo.

Ṣùgbọ́n sùúrù kì í ṣe ìtẹ́wọ́gba àbòsí: Yūsuf náà ní kí ọ̀kan nínú wọn dárúkọ òun fún ọba. Kí onígbàgbọ́ máa wá ìtúsílẹ̀, kí ó sì má jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ dúró de ìgbà tí ilẹ̀kùn yóò ṣí kí ó tó sin Olúwa rẹ̀.