Ọ̀rọ̀ tí ó wà lára òpó

Ní ìlú Tainan, ní erékùṣù Táíwàn, ilé òrìṣà kan wà tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1669. Òrìṣà tí ń ṣọ́ ìlú ni wọ́n ń bọ níbẹ̀. Àwọn ẹlẹ́sìn Tao gbà pé òun ni ó ń ṣírò iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn, rere àti búburú. Pákó ńlá kan wà lókè nínú ilé náà. Ohun tí wọ́n kọ sí i kò ju pé: ìwọ náà dé. Kì í ṣe ìkíni káàbọ̀ o.

Ní irú ilé bẹ́ẹ̀, wọ́n máa ń kọ ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ méjì sára òpó méjì. Láti òkè wá sílẹ̀ ni a ń kà á, ti ọwọ́ ọ̀tún ni a sì kọ́kọ́ ń kà. Iye ọ̀rọ̀ inú wọn dọ́gba. Ohùn wọn náà ní òfin, nítorí èdè Ṣáínà dà bí tiwa: ohùn ni ó ń ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀, bí a ti mọ̀ pé ọkọ́ kì í ṣe ọkọ̀.

Ọ̀kan tí ó wọ́pọ̀ níbẹ̀ ń ya ènìyàn lẹ́nu. Ẹsẹ̀ kìíní ní bí iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn bá burú, tùràrí tí ó ń sun kò lè gbà á. Ẹsẹ̀ kejì ní ẹni tí inú rẹ̀ mọ́ lè kọjá láì foríbalẹ̀, kò sí ohun tí yóò ṣe é. Òrìṣà ni ó ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ó wá bọ ọ́!

Kí ni ilé òrìṣà wà fún nígbà náà? Ẹlòmíràn lè ní kí wọ́n tì í pa. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Ta ni ó lè ka ọ̀rọ̀ náà láyé àtijọ́? Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kò mọ̀wé. Fún wọn, ohun ìṣírò onígi ńlá kan wà ní Tainan, irú èyí tí àwọn ọlọ́jà fi ìlẹ̀kẹ̀ ara rẹ̀ ń ka owó. Ẹni tí ó bá rí i ti mọ̀ pé wọ́n ń ka gbèsè òun. Ṣùgbọ́n aláṣẹ tí ọba rán wá mọ̀wé. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àṣà ni pé kí ó lọ búra níwájú òrìṣà ìlú. Òun ni ó ń gba owó orí, òun ni ó ń dájọ́, òun náà ni ó lówó tùràrí. Òpó ń bá a wí ní gbangba, àwọn tí ó dúró tì í kò sì mọ ohun tí wọ́n ń sọ fún un.

Ẹsẹ̀ kejì ni ó ṣòro jù. Olè pàápàá lè sọ pé inú òun mọ́. Ta ni yóò wọ inú rẹ̀ lọ wò? Ìdí nìyí tí a kò fi gbọdọ̀ kà á láìka ti àkọ́kọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ ni ti àkọ́kọ́ ń béèrè, ìyẹn sì wà níta. Ará ilé rí i, aládùúgbò rí i, ẹni tí wọ́n gba ilẹ̀ rẹ̀ náà rí i.