Ìtura Ẹnì Kan, Ooru Ẹnì Kejì

Àwọn baba ńlá wa mọ bí a ti í bá ooru jà. Wọ́n ń fi amọ̀ mọ ògiri tí ó nípọn, wọ́n ń fi koríko bo òrùlé, wọ́n sì ń fi àyè sílẹ̀ láàárín agbo ilé kí afẹ́fẹ́ lè ráyè wọlé. Ìtura irú ilé bẹ́ẹ̀ kò ni ẹnikẹ́ni lára. Lóde òní, sìmẹ́ǹtì àti páànù ni ọ̀pọ̀ wa fi ń kọ́lé. Ooru tí wọ́n bá sì kó jọ, ẹ̀rọ amúlétutù ni a ń bẹ̀ kí ó bá wa lé e.

Ní ọdún 1902 ni Willis Carrier, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Amẹ́ríkà, ya àwòrán irú ẹ̀rọ yìí fún ilé ìtẹ̀wé kan ní Brooklyn. Kì í ṣe tìtorí ènìyàn. Bébà ni ó ń wá ìtọ́jú fún, nítorí pé ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ń mú kí bébà fẹ̀ kí ó sì súnkì, tí íǹkì kò fi bọ́ sí ojú ibi tí ó yẹ. Lẹ́yìn náà ni ènìyàn wá jẹ àǹfààní rẹ̀, àǹfààní náà kò sì kéré. Òógùn tí ó bá ń gbẹ lára ni í mú ara tutù. Bí ọ̀rinrin bá kún inú afẹ́fẹ́, òógùn kò ní tètè gbẹ, ara yóò sì máa gbóná sí i. Nígbà tí ooru líle mú ní ìlú Chicago ní oṣù keje ọdún 1995, ènìyàn tí ó kú lé ní 700. Arúgbó ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, ewu náà kò sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ fún àwọn tí ẹ̀rọ yìí ń ṣiṣẹ́ nílé wọn. Ẹni tí ó bá pè é ní afẹ́ lásán kò tíì ronú kan àwọn wọ̀nyí.

Ó ní àléébù tirẹ̀. Ó lè mú ọ̀fun àti ojú gbẹ. Bí a kò bá sì fọ asẹ́ inú rẹ̀, eruku ni a ó máa mí símú. Ṣùgbọ́n onílé ni èyí kàn. Èyí tí ó kan ẹlòmíràn ni a kì í sọ: ẹ̀rọ yìí kì í pa ooru. Ńṣe ni ó ń kó o láti inú yàrá dà sí ìta, tí yóò sì fi ooru iná tí òun fúnra rẹ̀ ń jẹ kún un.

Obìnrin aránṣọ kan, tí àtíbàbà rẹ̀ wà lẹ́yìn yàrá mi, ni ó kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ yìí. Mo ra ẹ̀rọ náà, mo sì ń sun oorun àsùnwọra lọ́sàn-án. Ní ọjọ́ kẹta, ó kúnlẹ̀ kí mi: ‘Ẹ kú ìnáwó, Bàbá. Ẹ má bínú sí mi o. Atẹ́gùn gbígbóná tó ń ti ẹ̀yìn ẹ̀rọ yín jáde kò jẹ́ ká lè jókòó mọ́.’ Mo lọ dúró níbi tí ó máa ń jókòó sí. Kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún tí ẹ̀wù mi fi rin.

Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Láti ìgbà èwe mi ni mo ti ń rò pé èmi ni ẹni tí kò rí oorun sùn nínú òwe náà. N kò mọ̀ pé èmi gan-an ni mo ń jẹ kòkòrò.

Mo pe oníṣẹ́, ó gbé ẹ̀rọ náà lọ sí ògiri kejì, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó sí. Ìyẹn tó fún ọ̀rọ̀ èmi àti aránṣọ, ṣùgbọ́n kò tó fún ọ̀rọ̀ àdúgbò. Bí gbogbo ilé bá ní ẹ̀rọ yìí tán, kò ní sí ògiri tí kò kọjú sí ẹnì kan. Nítorí náà, kí ọmọlúàbí tó tan tirẹ̀, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé: ta ni ó jókòó sí ẹ̀yìn ògiri mi?